Afòmọ́ abẹ́ ilẹ̀: bí ẹ ṣe lè wá adé ilẹ̀ rí nínú igbó Ẹ̀pẹ́, kí ẹ sì là á wò

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ oko obì tàbí oko kòkó rí ló mọ afòmọ́. Ó jókòó sórí ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń yọ ewé tútù, ó ń so èso, igi tó gbé e dúró sì ń rù. Àwọn àgbà ti sọ tirẹ̀ tán: afòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ṣùgbọ́n afòmọ́ ní ìbátan kan tí kò gun igi rárá. Ìsàlẹ̀ ni ìyẹn gbà wọlé. Gbòǹgbò ló ń bá tan, nínú òkùnkùn, kò sì ní ewé tútù kan ṣoṣo láti ọjọ́ tó bá ti hù títí tí yóò fi kú. Orí òdòdó rẹ̀ nìkan ni ojú wa ń tó: ohun pupa kan tó ń ti àárín ewé gbígbẹ yọ, tó dà bí ọ̀pẹ̀yìnbó kékeré tí wọ́n ri mọ́lẹ̀ dé ọrùn.

Thonningia sanguinea ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko. Peter Thonning, ará Denmark, ló ń kó ewéko jọ ní etíkun tó di Gánà lónìí láàárín 1799 sí 1803. Martin Vahl, onímọ̀ ewéko tí wọ́n bí ní Norway ṣùgbọ́n tó ṣiṣẹ́ ní Denmark, ló fi orúkọ Thonning sọ ewéko náà, wọ́n sì tẹ orúkọ yẹn jáde ní 1810. Sanguinea ń tọ́ka sí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ló wà nínú ìran Thonningia, ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ló sì ń gbé. Adé ilẹ̀ ni n óò máa pè é níbí, torí bí orí rẹ̀ ṣe ń jókòó sórí ilẹ̀ gan-an ni adé ṣe ń jókòó.

Àwọn onímọ̀ kó òun àti afòmọ́ orí igi sínú ọ̀wọ́ ńlá kan náà, Santalales. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè wọ́n ní ìbátan, kì í ṣe àfiwé lásán. Ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀ gidi. Afòmọ́ orí kòkó ń fa omi àti iyọ̀ ilẹ̀ lára igi, ó sì ń fi ewé ara rẹ̀ se oúnjẹ nínú oòrùn. Adé ilẹ̀ kò se nǹkan kan. Omi, iyọ̀, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń gbà lọ́wọ́ gbòǹgbò tó so mọ́.

Kì í ṣe olú

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nípa adé ilẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń pè é ní olú. Mo mọ ohun tó fà á: kò ní ewé, ibi òjìji ló wà, ó kàn ń yọ lójijì. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀. Olú rọ̀, ó ń ya bí fóòmù. Adé ilẹ̀ le. Ara ọrùn rẹ̀ kún fún ìpẹ́ tó ń gun ara wọn lérí bí ìpẹ́ ẹja, bí ó ṣe ń lọ sókè ni ìpẹ́ yìí ń gùn sí i, tó ń ṣóńṣó sí i, títí tí yóò fi di àwọn ìka pupa líle tó yí orí ká. Ìpẹ́ wọ̀nyẹn ni ewé rẹ̀. Iṣẹ́ ewé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn kù gẹ́gẹ́ bí aṣọ. Ẹ fi ọwọ́ ya wọn sọ́tọ̀ díẹ̀, ẹ ó rí òdòdó tótòtó láàárín wọn, òdòdó gidi tó ní akọ àti abo, tó ń so èso oníhóró. Olú kì í so èso.

Ibi tí ẹ ó ti wá a

Ewéko igbó ẹgàn ni. A ti rí i lára gbòǹgbò rọ́bà, kòkó, ọ̀pẹ àti ọ̀pọ̀ igi igbó. Nítorí náà ẹni tó wà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kò níṣẹ́ ní etí ọ̀sà. Ilẹ̀ òkè ni kí ó lọ, àwọn ibi tí oko rọ́bà àtijọ́, kòkó àtijọ́ tàbí igbó ọ̀pẹ ṣì kù sí lójú ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn àti Àgbọ̀wá, tàbí sí ìhà Ìjẹ̀bú. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ilẹ̀ náà. Ṣé igi ibẹ̀ ti pẹ́? Ṣé òjìji ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí koríko kò fi hù? Ṣé ewé jíjẹrà nípọn lórí ilẹ̀? Tí wọ́n bá ń tú ibẹ̀ pẹ̀lú tírákítọ̀ lọ́dọọdún, ẹ má wulẹ̀ fara yín ṣòfò.

Ẹ rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọ̀pá tú ewé gbígbẹ. Òdòdó náà kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ewé sì lè bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òwúrọ̀ sàn ju ọ̀sán lọ, torí oòrùn ọ̀sán tó ń já gba àárín ewé máa ń da àmì pupa-pupa sílẹ̀ tí ojú yóò fi máa tan yín. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìka orí rẹ̀ ń gún ni. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ wo ilẹ̀ yíká yín kí ẹ tó tún gbé ẹsẹ̀: wọ́n máa ń yọ ní agbo, ẹ sì lè ti tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Wíwú rẹ̀

Ẹ má fà á. Àṣìṣe tí mo rí jù nìyí, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó fà á kì í rí nǹkan kan kọ́. Ọrùn á já, orí pupa á wà lọ́wọ́ yín, ewéko náà gan-an á ṣì wà nísàlẹ̀ níbi tó wà. Bí ẹni tó já òdòdó iṣu tó ní òun ti wa iṣu ni.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ọkọ́ kékeré, ọ̀bẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù, nǹkan bíi lítà omi méjì, bíléèdì tuntun kan, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, ìwé, àti pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, ẹ má mú bírò, torí ọwọ́ yín máa tutù, bírò á sì ṣàn.

Ilẹ̀ òkè Ẹ̀pẹ́ jẹ́ iyanrìn pupa tó ní amọ̀ díẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń le bíi búlọ́ọ̀kù, tí ẹ bá sì fi agbára gbẹ́ ẹ, ohun tí ẹ ń wá ni ẹ máa gé. Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn òjò ló dára jù. Ọjọ́ òjò gan-an kò dára, kòtò yóò kún fún omi, ẹ ò sì ní rí ìdí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò, kí ẹ kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa lò ó padà. Ẹ fa àmì yí orí òdòdó náà ká, kí ó jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 40. Orí àmì yẹn ni kí ẹ ti gbẹ́ kòtò tóóró wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì máa ti ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ sí àárín. Bí ẹ bá ti kù tó ìbú ọwọ́ méjì kí ẹ kàn án, ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀. Ìka ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ló kù. Ẹ ó kan okùn líle kan tó ń sáré lọ ní ìbú, tó ní ẹ̀ka, tí ara rẹ̀ rí yẹpẹyẹpẹ. Ìyẹn ni ara ewéko náà. Ẹ tẹ̀ lé e. Níbi tó bá ti pàdé gbòǹgbò igi, ẹ ó rí ìwúlé kan, kókó líle. Láti ara okùn kan náà ni orí òdòdó púpọ̀ ti lè yọ, nítorí náà òdòdó mẹ́fà tí ẹ rí lókè lè jẹ́ ewéko kan ṣoṣo nísàlẹ̀.

Ẹ má yára sọ pé igi tó súnmọ́ jù ló gbé e. Nínú igbó, gbòǹgbò igi mẹ́rin-márùn-ún lè lọ́ mọ́ra wọn lójú kan, igi tó ni gbòǹgbò náà sì lè wà ní mítà mélòó kan sí ibi tí ẹ dúró. Ẹ tẹ̀ lé gbòǹgbò náà padà títí dé ìdí igi, tí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ yẹ gbòǹgbò wò. Ẹ fi èékánná họ ọ́: tí wàrà funfun bá yọ, ẹ ronú kan rọ́bà, tàbí àwọn igi mìíràn tó ní wàrà bí ọdán. Gbòǹgbò ọ̀pẹ rọrùn láti mọ̀. Ó nípọn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èèpo rẹ̀ le, inú rẹ̀ rí bíi kànìnkànìn, okùn líle kan sì wà láàárín tí ẹ lè fà yọ. Gbòǹgbò kòkó àti obì jẹ́ igi gidi, wọ́n ń tín-ínrín lọ bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ìdí. Ẹni tó bá kọ “ọ̀pẹ” sílẹ̀ kìkì nítorí pé ọ̀pẹ ló rí lókè ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Lílà á

Kókó kan péré ni kí ẹ gé, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ gé gbòǹgbò igi náà ní ìbú ọwọ́ kan sí apá ibi tó ti wọ kókó, kí ẹ sì gé okùn ewéko náà lápá kejì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ dáadáa, torí iyanrìn kan ṣoṣo yóò ba ẹnu bíléèdì jẹ́. Ẹ gbé e lé pákó, kí ẹ là á ní òòró, kí bíléèdì gba àárín gbòǹgbò igi kọjá wọ inú kókó lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá là á ní ìbú, ẹ ò ní rí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí.

Ẹ rọ omi díẹ̀ sí ojú ibi tí ẹ là, kí ẹ wá fi awò wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Gbòǹgbò igi wọlé bí igi, ó mọ́, ó tọ́. Bó ṣe wọ kókó ni àwọn okùn inú rẹ̀, àwọn tó ń gbé omi àti oúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí ọwọ̀ tí wọ́n tú ìdí rẹ̀. Àwọn ìlà tó fẹ́lẹ́ yẹn wọnú ẹran ara kókó lọ, ẹran ara ewéko náà sì kún àárín wọn. Ẹ wá ibi tí igi parí sí, tí àlejò bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní rí ìlà kan tí ẹ lè fi ọ̀bẹ tọ́. Ara igi àti ara adé ilẹ̀ jọ kọ́ kókó náà ni, ti ẹnìkínní wọnú ti ẹnìkejì. Lọ́dọ̀ tèmi, ohun tó ya ni lẹ́nu jù nípa ewéko yìí nìyí, ju àwọ̀ pupa rẹ̀ lọ. Èèyàn máa ń rò pé olè kàn fi ẹnu gún gbòǹgbò ni, bí ẹ̀fọn. Igi náà fúnra rẹ̀ ló hu ọ̀nà omi tirẹ̀ wọ ilé àlejò.

Ẹ wo apá kejì kókó náà pẹ̀lú. Gbòǹgbò igi sábà máa ń parí síbẹ̀, tàbí kí èyí tó kù níwájú ti gbẹ.

Akọ àti abo

Gbogbo wa la mọ ìbẹ́pẹ akọ tó ń tanná tí kì í so. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adé ilẹ̀ ṣe rí nígbà púpọ̀: orí kan akọ, orí kan abo. Láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ la orí òdòdó sí méjì ní òòró, kí ẹ wo ohun tó wà láàárín ìpẹ́. Lórí akọ, ẹ ó rí àwọn ọ̀wọ̀n kéékèèké. Nínú òdòdó kọ̀ọ̀kan, apá mẹ́ta tó ń ru lẹ́búlẹ́bú ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ fi ìka nù ún, lẹ́búlẹ́bú náà yóò mọ́ yín lọ́wọ́. Lórí abo, òdòdó kọ̀ọ̀kan kò ju ilé-ọmọ kan àti fọ́nrán kan tó gùn jáde lọ, bí irun. Kò sí ewé òdòdó aláràbarà kankan. Wọ́n kún inú orí kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán á fi rò pé aṣọ onírun ni. Èso rẹ̀ kéré gidigidi, hóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Ta ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀dọ̀ akọ lọ sí ọ̀dọ̀ abo? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 láti inú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tọ́ka sí eṣinṣin kan tí ìdin rẹ̀ ń jẹ orí òdòdó náà. Eṣinṣin rí ibi yé ẹyin sí, òdòdó rí ẹni gbé lẹ́búlẹ́bú. Tí ẹ bá là orí òdòdó tí ẹ sì bá ìdin níbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù pé ó ti bàjẹ́. Ẹ ka iye wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọ̀ ewé rẹ̀?

Nínú ewéko tútù, àwọ̀ ewé ń gbé inú àwọn yàrá kéékèèké tó ní ìwé àṣẹ tiwọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA, ìwé kan tó máa ń tó nǹkan bí lẹ́tà 150,000. Ní 2019 ni wọ́n tẹ ìwé àṣẹ ti Balanophora jáde, ìbátan adé ilẹ̀ tó ń gbé ní Éṣíà, inú ẹbí kan náà, Balanophoraceae. Kò ju nǹkan bí 15,500 lọ. Gbogbo ojú ìwé tó jẹ mọ́ sísè oúnjẹ nínú oòrùn ti fò lọ. Ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí “dúró” nínú ìwé ewéko yòókù ti yí ìtumọ̀ padà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bọ́ kò nílò ààrò mọ́, ààrò náà sì ti wó.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń da ewéko mẹ́ta pọ̀. Hydnora, ti gúúsù Áfíríkà, jẹ́ afòmọ́ gbòǹgbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ nípọn bí ẹran, ó ń rùn, ó sì máa ń há kòkòrò mọ́ inú fún ìgbà díẹ̀. Rafflesia ti Éṣíà ló ní òdòdó tí ìbú rẹ̀ lè tó mítà kan, ara àjàrà igbó ló sì ń gbé. Rhizanthella ti Ọsirélíà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní 1928, máa ń tanná lábẹ́ ilẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n inú olú ló ti ń gba oúnjẹ rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ẹ ó bá pàdé ní Ẹ̀pẹ́.

Tó bá wọ oko yín

Gígé orí òdòdó pẹ̀lú àdá kò yanjú nǹkan kan, ohun tó ń jẹun wà nísàlẹ̀, yóò sì tún yọ orí mìíràn. Oògùn apakoríko tí wọ́n ń fín sí ewé náà òfò ni, torí ewé ló ń gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ wọlé, èyí kò sì ní. Ohun tí ẹ máa bà jẹ́ ni àwọn ewéko tútù yíká rẹ̀. Ọ̀nà tó wà ni kí ẹ wú kókó náà bí mo ṣe ṣàlàyé, kí ẹ gé gbòǹgbò igi ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí apá ìdí igi, kí ẹ sì tẹ̀ lé okùn náà dé gbogbo ibi tó bá nà dé. Ẹ̀gbẹ́ kan igi ni kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ di àkókò òjò mìíràn, torí igi tí ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ yíká ní ọjọ́ kan yóò jìyà ju bí afòmọ́ ì bá ti fi jẹ ẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé kókó méjì-mẹ́ta péré ló wà lábẹ́ igi ńlá tí ara rẹ̀ le, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Igbó ìhà ọ̀hún ń di ilé àti ọ̀nà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé igi tó gbé e, òun náà bá a lọ. Ẹ ò lè gbé e lọ tún un gbìn, ẹ ò sì lè fi hóró rẹ̀ sínú ìkòkò yẹ̀pẹ̀ lásán kí ó yè, torí kò ní gbòǹgbò tí yóò jẹun níbẹ̀.

Àwọn kan ń lò ó fún ìtọ́jú ikọ́ fée àti ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà méjì nínú rẹ̀ tí wọ́n sọ ní thonningianin A àti B ní ọdún 2000. Rírí èròjà nínú ilé àyẹ̀wò kì í ṣe ìwọ̀n tí ènìyàn yóò mu. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ fi oògùn tí dókítà fún un sílẹ̀.

Títọ́jú èyí tí ẹ mú

Orí òdòdó nípọn, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lódindi sáàárín ìwé ìròyìn, yóò bu kó tó gbẹ. Ẹ là á sí méjì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá nígbà òjò. Àwọ̀ pupa yóò ṣókùnkùn, nítorí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní tútù, kí ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kó òdòdó díẹ̀ sínú ìgò ọtí líle, torí títẹ̀ máa ń fọ́ wọn. Ẹ fi ewé àti ẹ̀ka igi tó gbé e kún un. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, irú igi, bí kókó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, àti bóyá akọ ni tàbí abo. Yàrá ìkówéko-sí ti Yunifásítì Èkó àti ti àjọ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn ni ẹ lè gbé e lọ. Èyí tí kò ní àkọsílẹ̀ igi tó gbé e kò wúlò fún wọn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ da yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ kì í. Ẹ da ewé gbígbẹ tí ẹ kó jọ lé e, kó nípọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ so òwú mọ́ igi tó súnmọ́ ibẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Tí kókó tí ẹ fi sílẹ̀ bá yè, ibi tí orí tuntun ti yọ ni yóò fi hàn yín apá ibi tí okùn rẹ̀ ń lọ.